Wáyà jíà tó ti ń tú: bí ẹ ó ṣe pààrọ̀ rẹ̀ kó tó já mọ́ yín lọ́wọ́

Jíà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yín kò gbọ́ràn mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ṣéènì gun eyín tó tóbi, ó ń lọ́ tìkọ̀. Ẹ tún un tẹ̀, ó fo méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ yí nọ́ọ̀bù kékeré ẹ̀yìn, ó gbọ́ràn fún ọjọ́ méjì, ó tún padà sí ìwà rẹ̀. Ẹ tún yí i. Títí di ọjọ́ kan tí ẹ ń gun òkè lọ́wọ́, tí nǹkan dún "pọ́!" nínú ọwọ́ jíà, tí ọ̀pá rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, tí ṣéènì sì já bọ́ sórí eyín tó kéré jù. Òkè ṣì wà níwájú, jíà tó le jù lọ ló sì kù fún yín.

Nọ́ọ̀bù kò jẹ̀bi. Wáyà ló ti ń tú láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, fọ́nrán kan lónìí, òmíràn lọ́la, níbi tí ojú yín kò tó: nítòsí orí rẹ̀, nínú ọwọ́ jíà. Bí fọ́nrán bá ti ń já, wáyà á máa nà, ẹ ó sì rò pé ó kàn dẹ̀ ni. Ẹ ó fún un. Fífún un kò wo nǹkan kan sàn. Ó kàn ń bá a bo àṣírí ni.

Ohun kejì tó ń dá àwọn èèyàn dúró ni ìpààrọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ra wáyà tuntun, wọ́n gé e, ẹnu rẹ̀ fọ́n bí ìgbálẹ̀, kò wọ ihò kankan mọ́. Mo ti ba wáyà tuntun méjì jẹ́ báyìí lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

Kẹ̀kẹ́ eré ìje tí hándù rẹ̀ ká bọ̀ sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò ni mò ń bá wí, èyí tí búrẹ́kì àti jíà jọ wà lójú kan; ojú kan náà ni mò ń pè ní "ọwọ́ jíà". Bí jíà tiyín bá jẹ́ oníbátìrì, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Tí mo bá sọ pé "wáyà", irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú lọ́hùn-ún ni. "Rọ́bà ìta" ni ohun tó bò ó. "Orí wáyà" ni kókó irin tó wà ní ìparí kan rẹ̀, tó ń jókòó sínú ọwọ́ jíà. Derailleur ni apá tó so rọ̀ lẹ́yìn, tó ń ti ṣéènì láti eyín kan sí òmíràn. "Eyín" tí mo ń wí ni odindi àwo eléyín tí ṣéènì ń gùn, kì í ṣe ṣónṣó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

OHUN TÍ Ẹ MÁA NÍLÒ

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ kí ẹ tó tú nǹkan kan. Kẹ̀kẹ́ tí a tú sílẹ̀ ká tó rántí pé a ò ní nǹkan ìgéwáyà, ibẹ̀ ló máa sùn sí.

– Wáyà jíà tuntun, oníwọ̀n 1.2 mm, irin tí kì í dípẹtà. Ti búrẹ́kì nípọn jù ú lọ, ó tó 1.5 tàbí 1.6 mm, orí rẹ̀ náà sì tóbi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín pé "bákan náà ni". Bí ọwọ́ jíà yín bá jẹ́ Campagnolo, ẹ béèrè ti Campagnolo gan-an: orí tirẹ̀ kéré díẹ̀ sí ti Shimano àti SRAM, èyí tó bá tóbi jù lè há sínú ihò.
– Rọ́bà ìta ti jíà, 4 mm ló wọ́pọ̀, pẹ̀lú àwọn fìlà kékeré tí a ń dé sí ẹnu rẹ̀.
– Ohun ìgéwáyà gidi, èyí tí ẹnu rẹ̀ yípo mọ́ wáyà kó tó gé e. Púláyà lásán kì í gé wáyà, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu ni.
– Álẹ́ń kíì 4 mm àti 5 mm. Bóòtù àwọn mìíràn jẹ́ onírà­wọ̀ T25.
– Sukudiráfà kékeré, abẹ́rẹ́ tó nípọn, ẹ̀mú ẹlẹ́nu tín-ín-rín, tọ́ọ̀ṣì.
– Fáìlì irin, súpà gúlù díẹ̀, àkísà, àti awò ojú. Fọ́nrán wáyà tó ta lójijì kò mọ ojú yàtọ̀ sí ilẹ̀.
– Fìlà ìrù wáyà, èyí tí a ń fún mọ́ ìparí rẹ̀. Ẹ ní méjì, nítorí ọ̀kan máa sọnù.
– Téèpù hándù tuntun, bí rọ́bà ìta yín bá gba abẹ́ téèpù tí ẹ sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.
– Bí wáyà bá gba inú férémù: páìpù ṣíṣu tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan tí wáyà lè gba inú rẹ̀ kọjá.

ÌPELE 1: Ẹ mọ ibi tó ti ń tú

Kì í ṣe gbogbo wáyà tó tú ló yẹ ká pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tó ti tú ló ń dá ẹjọ́ náà.

Bó bá jẹ́ ìrù tó kọjá bóòtù derailleur ló fọ́n, ẹ̀yin tí fìlà yín bọ́ sọnù, kò sí ewu. Ìrù yẹn kò gbé ẹrù kankan. Ẹ gé ibi tó fọ́n kúrò, ẹ dé fìlà, ó parí. Àmọ́ ẹ rántí pé wáyà tí ìrù rẹ̀ ti fọ́n kò ṣeé fà jáde kí a tún tì í wọlé padà.

Bó bá jẹ́ abẹ́ bóòtù gan-an ni fọ́nrán ti já, tàbí ibikíbi láàárín bóòtù àti ọwọ́ jíà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ wáyà jíà jẹ́ fọ́nrán 19 tí a lọ́ pọ̀. Bí méjì bá ti já, àwọn tó kù ti ń ru ẹrù wọn, wọ́n á sì máa tẹ̀lé wọn lọ ní kíákíá.

Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò ni inú ọwọ́ jíà. Ibẹ̀ ni wáyà ti ń tẹ̀ kọ̀rọ̀, tó tún ń nà, tó tún ń tẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa jíà dà. Ti apá ọ̀tún, tó ń darí jíà ẹ̀yìn, ló máa ń kọ́kọ́ tú torí òun ni a ń lò jù. Ẹ ká rọ́bà ọwọ́ jíà sókè láti ìdí rẹ̀ bí ẹni ń ká apá ẹ̀wù, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò tí orí wáyà wà. Ẹ fi ojú wò ó, ẹ má ṣe fi ìka wá a. Fọ́nrán kan ti wọ àtàǹpàkò mi rí, ó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó jáde.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ọ̀nà kan tún wà láti mọ̀ láìtú nǹkan kan. Bí jíà bá ń bọ́ sórí eyín kékeré láìjáfara, tó sì ń ṣòro kó gun eyín ńlá, tí ìyàtọ̀ náà sì ń burú láti ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ ń fún un, wáyà ń tú. Bó bá jẹ́ òdìkejì, pé ó ń gun òkè dáadáa ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra láti sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà ìta ló dọ̀tí tàbí tó ti dípẹtà. Nígbà mìíràn méjèèjì ló kó ara wọn jọ.

Bí ẹ bá ti rí fọ́nrán kan ṣoṣo tó já nínú ọwọ́ jíà, ẹ má gùn ún jáde mọ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Wáyà tí kò tíì já, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yíyọ rẹ̀. Èyí tó ti já sínú, ẹ wo Ìpele 4.

ÌPELE 2: Ẹ dẹ wáyà pátápátá

Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sókè kí táyà ẹ̀yìn lè yí. Ẹ máa yí pẹ́dà, ẹ máa tẹ ọ̀pá tó ń dẹ jíà, títí ṣéènì fi dórí eyín tó kéré jù lọ lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sí i, ó tó ìgbà mẹ́wàá, bí kò tilẹ̀ sí ibi tí ṣéènì tún fẹ́ lọ. Lára Shimano, ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́yìn ọ̀pá búrẹ́kì ni. Lára Campagnolo, bọ́tìnnì àtàǹpàkò ni. Lára SRAM, ọ̀pá kan náà ni ẹ ó tẹ̀ díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ìró kan ṣoṣo.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Wọ́n rí ṣéènì lórí eyín kékeré, wọ́n rò pé ọwọ́ jíà náà ti dé ìsàlẹ̀. Bí wáyà bá ti nà tàbí tó ti já, ṣéènì lè ti wà ní eyín kékeré nígbà tí ẹ̀rọ inú ọwọ́ jíà ṣì wà láàárín. Orí wáyà kò ní dojú kọ ihò rẹ̀, ẹ ó sì máa tì í títí láìjáde.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ọ̀pá náà ò gbọdọ̀ dún "kẹ́" mọ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá sì wo inú ihò, orí wáyà á hàn gbangba láàárín rẹ̀, kò ní fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

ÌPELE 3: Ẹ yọ èyí tó ti gbó

Ẹ yí nọ́ọ̀bù derailleur wọlé tán, ẹ máa ka iye ìgbà tó yí. Ẹ tú bóòtù tó di wáyà mú. Kí ẹ tó fà á kúrò, ẹ fi fóònù ya àwòrán bí wáyà ṣe gba abẹ́ bóòtù náà: òkè ni tàbí ìsàlẹ̀, inú ìlà wo ló jókòó sí. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ ní Ìpele 8.

Ẹ gé ìparí tó ti fọ́n kúrò, kí ẹnu rẹ̀ mọ́ kedere, kí ẹ tó tì í padà sẹ́yìn. Bí ẹ bá fa ẹnu tó fọ́n gba inú rọ́bà ìta, á gé ike inú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì fi èérún irin sílẹ̀ síbẹ̀ fún wáyà tuntun.

Bí wáyà bá gba inú férémù, ẹ dúró ná! Ẹ má tíì fà á. Ẹ ti páìpù ṣíṣu tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lé wáyà tó ti gbó lórí, láti ihò kan títí yóò fi yọ ní ihò kejì, kí ẹ wá fa wáyà jáde kí páìpù ṣẹ́ kù sínú. Òun ni ọ̀nà tí wáyà tuntun máa tọ̀. Ẹni tó gbàgbé èyí ló máa ń fi òòfà àti okùn ṣe ọdẹ nínú férémù títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ wá ti wáyà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí orí rẹ̀ yọ jáde ní ọwọ́ jíà. Àwọn mìíràn ní ìdérí ike kékeré tó ní súkúrù kan lórí ihò náà. Súkúrù yẹn kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Ẹ tẹ́ àkísà sílẹ̀ kí ẹ tó tú u.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tẹ́ wáyà tó jáde sórí tábìlì, ẹ wo ìparí méjèèjì. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, ẹ sì ka fọ́nrán tó já nítòsí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí fọ́nrán ti já àmọ́ tí ẹ kò rí èyí tó já kúrò, ó wà nínú ọwọ́ jíà. Ẹ kọjá sí ìpele tó kàn. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ fò ó.

ÌPELE 4: Bí orí wáyà bá ti já sínú

Iṣẹ́ sùúrù nìyí. Wákàtí mẹ́ta ni mo lò nígbà àkọ́kọ́, wákàtí méjì àbọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi, torí pé ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe: mò ń tẹ jíà lọ sókè lọ sódò, bí ẹni pé ó máa pọ̀ ọ́ jáde. Kò pọ̀ ọ́. Ńṣe ni eyín inú rẹ̀ ń lọ àwọn fọ́nrán mọ́lẹ̀ bí ọlọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti gbọ́ "pọ́!", ẹ fi ọwọ́ jíà sílẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ti jókòó tì í pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ni ẹ ó tó tún fọwọ́ kàn án.

Ẹ ká rọ́bà rẹ̀ sókè, ẹ tú ìdérí bó bá ní. Ẹ rọra tẹ ọ̀pá tó ń dẹ jíà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lẹ́yìn ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ohun kan bá dí i, tí ọ̀pá kò fẹ́ lọ, ẹ má fipá mú un. Fọ́nrán kan ló há. Ẹ wá a, ẹ fi ẹ̀mú yọ ọ́, kí ẹ tó tún tẹ̀.

Bí orí wáyà bá ti dé ojú ihò, ẹ fi abẹ́rẹ́ tì í láti òdìkejì, níbi tí wáyà máa ń gbà jáde. Ẹ̀yìn ni a ń ti ti orí wáyà. Ẹni tó bá ń ha á láti iwájú, ńṣe ló ń tì í wọlé sí i. Bí fọ́nrán bá ṣì yọ gọnbu lára rẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú di gbogbo wọn mú pọ̀, kì í ṣe ọ̀kan, kí ẹ sì fà á tààrà. Ẹ tún lè dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀ kí ẹ máa fi èèkù sukudiráfà gbá ọwọ́ jíà jẹ́jẹ́. Ó máa ń já bọ́ fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn, bó ṣe máa ń rí nígbà tí inú bá ti bí èèyàn tán.

Òòfà kì í ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé: irin tí kì í dípẹtà kì í sábà gbọ́ ti òòfà dáadáa.

Ẹ kó gbogbo ohun tó bá jáde sórí bébà funfun. Ẹ tò wọ́n, ẹ fi wọ́n wé wáyà tó kù lọ́wọ́ yín. Fọ́nrán kan tó ṣẹ́ kù, bó tilẹ̀ gùn níwọ̀n èékánná, tó láti há jíà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fọ́n ọ́ìlì tó fúyẹ́ díẹ̀ sínú rẹ̀ láti fọ èérún jáde. Ẹ má tú ọwọ́ jíà fúnra rẹ̀ palẹ̀. Spírìńgì inú rẹ̀ kò dà bíi ti aago ògiri, ẹni tó tú u ló máa ń di oníbàárà ọwọ́ jíà tuntun.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: láìsí wáyà nínú rẹ̀, ẹ tẹ jíà lọ sókè títí dé òpin, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sódò. Iye ìgbà tó dún gbọ́dọ̀ jẹ́ iye eyín ẹ̀yìn ní dídín ọ̀kan. Eyín 11, ó máa dún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ó bá fo ọ̀kan, nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀.

ÌPELE 5: Rọ́bà ìta

Èèyàn á fẹ́ fi èyí tó ti gbó sílẹ̀. Bí kò bá tíì pé ọdún kan, tí wáyà sì ń yọ́ nínú rẹ̀ láìhá, ẹ lè fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa pààrọ̀ èyí tó kéré jù, ìyípo ẹ̀yìn tó wọ derailleur, ní gbogbo ìgbà. Òun ni omi àti erùpẹ̀ ń rọ́ sí.

Ẹ fi èyí tó ti gbó wọn tuntun, kí gígùn wọn dọ́gba. Lẹ́yìn tí ẹ bá gé e, ẹnu rẹ̀ á pa dé, ike inú rẹ̀ á sì fún pọ̀. Ẹ fi fáìlì yún un kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ wá fi abẹ́rẹ́ la ihò inú rẹ̀ padà. Èyí tí a kò là ló ń họ wáyà tuntun lára láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ dé fìlà sí ẹnu méjèèjì.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má ṣe fi rọ́bà ti jíà sí búrẹ́kì láé. Irin inú ti jíà nà gbọọrọ bí igi àjà, kí ó má baà fún pọ̀. Ti búrẹ́kì yí ara rẹ̀ ká bí spírìńgì. Agbára tí a fi ń fún búrẹ́kì lè la ti jíà sí méjì, kẹ̀kẹ́ ò sì ní dúró.

Ẹ tún wo abẹ́ férémù, níbi tí pẹ́dà méjèèjì so mọ́, bí wáyà yín bá ń gba ìta. Ike kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní ojú ìlà méjì. Bí wáyà bá ti gé e wọlé jinlẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ti wáyà tuntun gba inú rọ́bà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó so ó mọ́ kẹ̀kẹ́, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì mọ́. Bí ẹ bá gbé rọ́bà náà dúró lóòró, kí wáyà máa já bọ́ fúnra rẹ̀.

ÌPELE 6: Ẹ ti wáyà tuntun wọlé

Ẹ má gé wáyà tuntun. Ẹ jẹ́ kó gùn bó ṣe wà. Ìparí rẹ̀ tó ti ilé iṣẹ́ wá ti lẹ̀ pọ̀, òun sì ni ọ̀bẹ yín láti la gbogbo ihò kọjá.

Bí ó bá pọn dandan kí ẹ gé e, tàbí tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n, ẹ fi ìka lọ́ ọ padà sí ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ẹ kán súpà gúlù kan sí i, ẹ nu àṣẹ́kù kúrò kíá kó má baà nípọn, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán. Ẹ wá gé e láàárín ibi tí gúlù wà. Ẹnu rẹ̀ á le bí abẹ́rẹ́.

Láti ihò ọwọ́ jíà ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ wáyà díẹ̀ ní ẹnu rẹ̀ bí ọ̀nà ihò bá kọrọ, díẹ̀ ni mo sọ, kí ó má ṣẹ́. Ẹ máa tì í ní kékeré-kékeré, ìka yín súnmọ́ ihò. Ẹni tó di wáyà mú lókèèrè tó wá ń tì í ló máa ń ká a. Wáyà tó bá ti ká lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni yóò ti tú lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fà á láti ìsàlẹ̀ títí orí rẹ̀ fi jókòó "tọ́" sínú ààyè rẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ẹ di ìparí rẹ̀ mú, kí ẹ fà á díẹ̀, kí ẹlòmíràn tẹ jíà: kí ẹ rí i pé wáyà ń wọlé, tó ń jáde, láìhá.

ÌPELE 7: Ẹ so ó

Ọwọ́ jíà gbọ́dọ̀ ti dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ṣéènì lórí eyín tó kéré jù lọ. Ẹ yí nọ́ọ̀bù derailleur wọlé tán, kí ẹ wá yí i jáde ní ìyípo kan, kí ẹ lè ní àyè ìdẹ̀ àti ìfún lẹ́yìn náà. Ẹ wo gbogbo fìlà rọ́bà pé wọ́n jókòó dáadáa. Ẹ gbé wáyà sínú ìlà abẹ́ bóòtù bí àwòrán yín ṣe fi hàn, ẹ fi ọwọ́ fà á kó le, ẹ dì í. Lára derailleur Shimano, agbára 6 sí 7 Nm ni bóòtù yìí fẹ́. Bí ẹ kò bá ní sípánà tó ń ka agbára, ẹ dì í títí yóò fi le, kí ẹ má jẹ́ kó fọ́ wáyà sí pẹlẹbẹ.

Ẹ wá jẹ́ kó jókòó. Bí wáyà bá hàn lábẹ́ férémù, ẹ fi ìka mẹ́ta dì í mú, ẹ fà á kúrò lára férémù gidigidi, ìgbà mélòó kan. Bó bá wà nínú férémù, ẹ gbé jíà sí eyín ńlá, ẹ wá tẹ ọwọ́ jíà bí ẹni tó fẹ́ gun òkè sí i. Wáyà á dẹ̀. Ẹ padà sí eyín kékeré, ẹ tú bóòtù, ẹ fà á, ẹ tún dì í. Ẹni tó bá fo èyí ló máa ń sọ pé "wáyà tuntun ń nà". Rọ́bà àti fìlà ló ń jókòó, kì í ṣe wáyà ló ń nà.

Ẹ má tíì gé ìrù rẹ̀.

ÌPELE 8: Ẹ tún jíà ṣe

Ẹ yí pẹ́dà, ẹ tẹ jíà lẹ́ẹ̀kan. Ṣéènì gbọ́dọ̀ gun eyín kejì. Bí kò bá gùn, ẹ yí nọ́ọ̀bù ní ìdajì ìyípo sí òdìkejì ibi tí ọwọ́ aago ń yí sí, bí ẹ bá ń wò ó láti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ìyẹn ń fún wáyà. Bí ó bá fo kọjá sí ẹ̀kẹta, ẹ yí i sí ọ̀nà ọwọ́ aago.

Bí ó bá ti ń gùn, ẹ fi etí ṣe é. Lórí eyín kejì, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ títí ṣéènì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha eyín kẹta, ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹ dẹ̀ ẹ́ padà ní ìdámẹ́rin ìyípo, títí ariwo náà fi dákẹ́. Ibẹ̀ ni kó wà.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má fọwọ́ kan súkúrù H àti L tó wà lára derailleur. Wọ́n ń pààlà ibi tí derailleur lè dé. Wáyà tó tú kò yí ààlà yẹn padà. Èèyàn tó bá fi wọ́n wá ojútùú ohun tí wáyà fà á ní wàhálà méjì dípò ọ̀kan, ó sì lè rán derailleur sáàárín sípóòkù. Ẹ kàn rọra gun eyín tó tóbi jù lọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ rí i pé àyè ṣì wà láàárín derailleur àti sípóòkù.

Bí ó bá kọ̀, ohun tí mo sábà máa ń rí ni méjì. Bí jíà bá dára ní ìsàlẹ̀, dára ní àárín, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ jíà tán kí ṣéènì tó dé eyín tó tóbi jù, a jẹ́ pé ẹ ti so wáyà nígbà tí ọwọ́ jíà kò tíì dé ìsàlẹ̀. Ẹ padà sí Ìpele 7. Bí ó bá dára ní òpin kan, tó sì ń ṣìnà sí i ní eyín kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń gòkè, wáyà kò gba ẹ̀gbẹ́ tó yẹ lábẹ́ bóòtù. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ya àwòrán nìyẹn.

Ti iwájú kò yàtọ̀ púpọ̀: orí eyín kékeré iwájú ni ẹ ó ti so ó, ó sì le láti fà ju ti ẹ̀yìn lọ. Ó máa ń pẹ́ kó tó tú, torí a kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ lọ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yí hándù sọ́tùn-ún àti sósì tán lásìkò tí ẹ ń ṣe é. Bí jíà bá fo nígbà tí hándù yí, rọ́bà ìta kan ti kúrú jù. Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́, ẹ gé ìrù wáyà, kí ó ku nǹkan bíi 3 sí 4 sẹ̀ǹtímítà, ẹ dé fìlà kíákíá kí ó tó fọ́n, ẹ fún un mọ́ ọn. Ẹ gùn ún fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tún wá yí nọ́ọ̀bù díẹ̀ bó bá fẹ́.

Èmi máa ń ká rọ́bà ọwọ́ jíà ọ̀tún sókè wò ní gbogbo 2,000 km. Kì í gbà tó ìṣẹ́jú méjì.

BÍ Ó BÁ JÁ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ṣéènì á wà lórí eyín tó kéré jù. Ẹ má tẹ ọwọ́ jíà mọ́, mo ti sọ ìdí rẹ̀. Lásìkò yìí nìkan ni ẹ lè fọwọ́ kan súkúrù H: ẹ yí i wọlé sí ọ̀nà ọwọ́ aago, ẹ máa yí pẹ́dà, á ti ṣéènì sórí eyín kejì, nígbà mìíràn ẹ̀kẹta. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ yí i, kí ẹ lè dá a padà nílé.

Bí wáyà yín bá gba ìta, ó dára jù báyìí: ẹ fa wáyà tó ṣẹ́ kù títí derailleur yóò fi dé àárín, ẹ lọ́ ọ mọ́ bóòtù tó di ilé ìgò omi mú lára férémù, ẹ dì í. Jíà iwájú ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ ní jíà méjì tí ẹ lè fi dé ilé. Ẹ ká ìrù rẹ̀ mọ́ra dáadáa, kí ó má lọ wọ inú táyà.